Stain wo ni kí a fi kun ilé ìtì igi? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn ará wa tó ra ilé sórí òkè ní Amẹ́ríkà

Àwọn ará wa tó ń gbé Atlanta àti agbègbè rẹ̀ ń ra ilé ìtì igi, ìyẹn ilé tí wọ́n fi odindi ìtì igi to ògiri rẹ̀, sórí òkè ní àríwá Georgia, ní Blue Ridge àti Ellijay, títí dé Gatlinburg ní Tennessee. Ẹlòmíràn fẹ́ máa fi gba àlejò tí yóò sanwó, ẹlòmíràn fẹ́ ibi ìsinmi fún ara rẹ̀ àti àwọn ọmọ. Bí wọ́n bá ti gba kọ́kọ́rọ́ tán, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè ni àwọ̀ stain, ìyẹn ọ̀dà igi, tí wọn yóò fi kùn ún. Mo máa ń rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè bí wọn yóò ṣe kùn ún lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tàbí márùn-ún. Ibẹ̀ ni owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ onílé, ibẹ̀ náà ni mo sì gbé púpọ̀ nínú àwọn ìdáhùn yìí kà.

Ilẹ̀kùn ìrókò bàbá mi ń jẹ òjò àti oòrùn láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, kò sì jẹrà. Kí ló dé tí igi tiwọn níbí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Igi ju igi lọ. Ọkàn ìrókò ní oje kan nínú tí ikán kò fẹ́, tí àwọn ohun tí ń mú igi jẹrà kò sì lè tètè borí. Igi paini ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé ìtì igi: ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, eastern white pine ló wọ́pọ̀, ní apá òkè Rocky, lodgepole pine àti spruce ni. Apá funfun tó súnmọ́ èèpo lára paini kò ní ààbò kankan tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Sídà pupa àti sáípírẹ́sì sàn jù ú lọ ní ọkàn wọn, àmọ́ igi tí wọ́n gé ní kékeré kò tíì ní ọkàn púpọ̀.

Àwọn tí wọ́n ni irú ilé yìí látilẹ̀ mọ èyí tipẹ́. Àwọn ará Sweden àti Finland ló gbé e dé etí odò Delaware ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn tí wọ́n tẹ New Sweden dó ní 1638. Ní Norway, ṣọ́ọ̀ṣì onígi tó wà ní Borgund, tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí 1180, ṣì dúró dòní, ọ̀dà dúdú tí wọ́n ń yọ lára igi paini ni wọ́n sì fi ń kùn ún láti ìran dé ìran. Ní Sweden, erùpẹ̀ pupa tó ń jáde níbi tí wọ́n ti ń wa bàbà tẹ́lẹ̀ ní Falun ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀dà ilé, ìdí nìyẹn tí ilé pupa fi kún ìgbèríko wọn. Ẹ kíyè sí i pé ní gbogbo ibẹ̀, kíkùn lákùntúnkùn ni. Kò sí ọ̀kan tí wọ́n kùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n sì gbàgbé.

Kí ni oòrùn ń ṣe sí igi, kí sì ni ti òjò?

Ohun kan wà nínú igi tí wọ́n ń pè ní lignin, òun ló di àwọn fọ́nrán igi mọ́ ara wọn. Ìtànṣán ultraviolet inú oòrùn, tí ojú wa kò lè rí, a máa fọ́ lignin yìí sí wẹ́wẹ́. Bí òjò bá rọ̀, a fọ̀ ọ́ lọ, ojú igi a wá di aláwọ̀ eérú. Ilé ìwádìí ìjọba tí wọ́n ń pè ní Forest Products Laboratory, tó ti wà ní Madison ní ìpínlẹ̀ Wisconsin láti 1910, ti wọn bí èyí ṣe ń yára tó: igi tó rọ̀ bíi paini, tí a kò kùn rárá, máa ń pàdánù nǹkan bíi mìlímítà 6 lójú rẹ̀ láàárín 100 ọdún. Ìyẹn kéré gan-an. Ilé tó ti di aláwọ̀ eérú kò tíì bàjẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wu ojú.

Omi ló ń ba ilé jẹ́. Àwọn ohun kan tó jẹ́ ìbátan olú ló ń mú igi jẹrà. Bí igi bá gbẹ, wọn kò lè ṣe ohunkóhun. Bí omi inú igi bá ti tó nǹkan bí ìdá 28 sí 30 nínú 100 ìwúwo igi gbígbẹ, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi ń sọ pé kí omi inú igi ilé má ṣe kọjá ìdá 20 rárá.

Oòrùn tún ní ewu kan tí kì í hàn síta. Stain kò lè di fọ́nrán tó ti kú mú. Bí ẹ bá kun orí igi tí oòrùn ti pa lójú, ọ̀dà yóò lẹ̀ mọ́ fọ́nrán òkú, òun àti fọ́nrán náà yóò sì jọ ṣí kúrò. Kódà paini tuntun tó bá wà níhòòhò nínú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta péré kì í di ọ̀dà mú dáadáa mọ́ àyàfi tí a bá há a tàbí fọ̀ ọ́ kí a tó kùn ún.

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín stain, fánííṣì àti ọ̀dà tí a fi ń kun ògiri?

Ọ̀dà ògiri a máa bo ojú igi pátápátá. Ó ń dí oòrùn dáadáa, kò sí àníàní, àmọ́ ìtì igi a máa sán, omi a sì gba ojú ibi tó sán wọlé. Bí ọ̀dà tó nípọn bá wà lójú rẹ̀, omi náà kò ní rọrùn láti jáde, igi yóò sì máa rà lábẹ́ rẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀. Fánííṣì tiẹ̀ burú jù níta, nítorí pé oòrùn ń gbà á kọjá lọ bá igi, ara rẹ̀ sì le débi pé kò lè bá igi fẹ̀ kó sì bá a súnkì. Ẹ má fi í kun ìta ilé rárá, ohun yòówù kí káfíńtà sọ.

Stain tí wọ́n ṣe fún ìtì igi ní láti ṣe nǹkan mẹ́ta pọ̀: kí ó dí oòrùn, kí ó lé òjò, kí ó sì jẹ́ kí ọ̀rinrin tó ti bá ibòmíràn wọlé rí ọ̀nà jáde.

Oríṣi stain mélòó ló wà, èwo ni kí n yàn?

Ọ̀nà méjì ló ṣe pàtàkì. Ọ̀kan ń wọ inú igi lọ, epo ló pọ̀ nínú rẹ̀, kì í fi awọ sílẹ̀ lójú igi. Èkejì ń fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ lójú igi, awọ tó ń nà, tí ọ̀rinrin sì lè gba inú rẹ̀ kọjá. Omi ni wọ́n fi ń pò ó lóde òní, wọ́n sì sábà máa ń fi ìpele kan tí kò ní àwọ̀ kún un lókè.

Èyí tó ń wọ inú igi máa ń lò tó ọdún méjì sí mẹ́ta kí ó tó fẹ́ òmíràn. Kì í ṣí bí èèpo. Ó kàn ń tán lọ díẹ̀díẹ̀ ni, ẹ ó máa rí i pé àwọ̀ ń ṣá. Bí àsìkò bá tó, ẹ fọ ògiri, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ tún un kùn, ó parí. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń fẹ́ iṣẹ́ lemọ́lemọ́, ìdọ̀tí a sì tètè mọ́ ọn lára.

Èyí tó ń fi awọ sílẹ̀ lẹ́wà jù, ó sì pẹ́ jù, ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ níbi tí oòrùn kò ti le. Ṣùgbọ́n ó ní májẹ̀mú kan tí kò ṣeé yẹ̀: ẹ gbọ́dọ̀ fi ìpele ìtúnṣe kún un kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ lásìkò, fífọ̀ àti kíkùn ìpele kan péré ni. Bí ẹ bá pẹ́, tí awọ náà ti ń ṣí, tí igi abẹ́ rẹ̀ sì ti di eérú, kò sí ohun tí ẹ lè kùn lé e lórí. Gbogbo rẹ̀ ni ẹ ó bó kúrò títí kan igi, owó bíbó sì máa ń ju owó kíkùn lọ fíìfíì. Mo ti rí ilé tó lẹ́wà tí onílé rẹ̀ gbàgbé fún ọdún méjì péré lẹ́yìn àsìkò, tí gbogbo ògiri tó kọjú sí gúúsù rẹ̀ sì di iṣẹ́ àtúnbẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ wo ìgbésí ayé yín kí ẹ tó wo agolo. Bí ẹ bá ń gbé Houston, tí ẹ kì í dé ilé náà ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́dún, tí ẹ kò sì ní ẹni tí yóò máa bá yín fi ojú tó o, ẹ mú èyí tó ń wọ inú igi. Ó máa ń forí ji onílé tó pẹ́ dé. Bí ẹ bá wà nítòsí, tàbí tí ẹ ní ẹni tí ẹ ń san owó fún láti fọ ilé kí ó sì yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún, èyí tó ń fi awọ sílẹ̀ ni mo fara mọ́ fún ògiri. Fún ilẹ̀ pákó ìta tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, tí òjò ń dúró lé lórí, èmi kò ní fi ohun tó ní awọ sí i láé.

Lifeline ti Perma-Chink Systems, Capture àti Cascade ti Sashco, àti ProLuxe, tí ó ń jẹ́ Sikkens tẹ́lẹ̀, wà lára èyí tí ẹ ó máa gbọ́ orúkọ wọn. Èyí tó wù yín nínú wọn, ẹ má ṣe da ti iléeṣẹ́ kan pọ̀ mọ́ ti òmíràn lára ògiri kan náà. Ẹ sì bi ẹni tó ń tà á pé: lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, kí ni màá ṣe sí ògiri yìí, pẹ̀lú irin iṣẹ́ wo, èló ló máa ná mi? Bí kò bá lè fèsì tó ṣe tààrà, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ṣé mo lè lo èyí tí kò ní àwọ̀, kí ẹwà igi lè hàn?

Rárá. Àwọ̀ inú stain gan-an ló ń dí oòrùn. Lúbúlúbú irin, irú èyí tó ń fún ìpẹtà ní àwọ̀ pupa, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí kò bá sí i, ìtànṣán a kọjá tààrà lọ bá lignin. Omi aláìláwọ̀ tí wọ́n ń fi kún un lókè dára, ṣùgbọ́n orí èyí tó ní àwọ̀ ló gbọ́dọ̀ jókòó lé.

Àwọ̀ wo ló wá dára jù?

Àárín-méjì, ìyẹn àwọ̀ oyin tàbí búráùn tí kò dúdú jù. Èyí tó mọ́lẹ̀ jù kò ní lúbúlúbú àwọ̀ tó pọ̀, oòrùn sì ń tètè borí rẹ̀. Èyí tó dúdú jù ń gba ooru sára, ìtì igi a sì máa sán sí i, pàápàá lára ògiri tó kọjú sí gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn, níbi tí oòrùn ti le jù ní Amẹ́ríkà.

Ẹ má gba àwòrán inú ìwé pélébé gbọ́. Stain kan náà lórí paini yàtọ̀ sí orí sídà, ó sì yàtọ̀ lórí igi tí a há àti igi tí a fi sáńdípépà dán. Ẹ ra agolo kékeré, ẹ kun apá kan lára ògiri yín gan-an lẹ́yìn tí ẹ ti fọ̀ ọ́, kí ẹ kùn ún ní iye ìpele tí ẹ ó kun gbogbo ilé. Ẹ wò ó láàárọ̀, ẹ wò ó nírọ̀lẹ́.

Mo ra ilé tó ti ní ọ̀dà lára tẹ́lẹ̀, ẹni tó tà á kò sì mọ ohun tí wọ́n fi kùn ún. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú omi. Ẹ wọ́n omi sí ògiri lójú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilé. Níbi tí omi bá ti ń ká jọ bí ìlẹ̀kẹ̀ tó sì ń ṣàn kúrò, ọ̀dà ibẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Níbi tí igi bá ti ń mu omi tó sì ń dúdú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó ti tán. Lẹ́yìn náà, ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn dáadáa, ẹ já a lójijì. Bí awọ ọ̀dà bá tẹ̀ lé e wá, ẹ má kùn nǹkan kan lé e lórí. Bíbó ló kù. Bí ẹ bá fi àkísà tó ní ọtí spirit ra ojú kan, tí ọ̀dà sì ń yọ́ mọ́ àkísà náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tí wọ́n fi omi pò. Ọ̀dà elépo kì í sábà yọ́ bẹ́ẹ̀.

Bí ilé náà bá ti wà kí ọdún 1978 tó dé, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ọ̀dà rẹ̀ wò fún òjé kí ẹnikẹ́ni tó há a, nítorí pé ọdún yẹn ni Amẹ́ríkà fòfin de òjé nínú ọ̀dà ilé. Eruku rẹ̀ ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ohun kejì kò wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn: ní àwọn ọdún 1970, wọ́n ń fi oògùn kan tí wọ́n ń pè ní pentachlorophenol sí ara ìtì igi nítorí kòkòrò. Olóró ni. Ní 2022 ni EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo àyíká, wá pàṣẹ pé kí wọ́n fagi lé e pátápátá. Bí ilé yín bá jẹ́ ti àkókò yẹn, ẹ ní kí wọ́n yẹ igi náà wò kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ kankan lé e tí yóò sọ ọ́ di eruku.

Báwo ni wọ́n ṣe ń bó ọ̀dà àtijọ́ kúrò?

Ọ̀nà tí mo nífẹ̀ẹ́ sí jù ni ṣùùkù àgbàdo. Wọn a lọ ṣùùkù tí wọ́n ti yẹ hóró kúrò lára rẹ̀, wọn a sì fi ẹ̀rọ atẹ́gùn fọ́n ọn lu ògiri. Ó ń bó ọ̀dà, ó ń há ojú igi díẹ̀ kí stain tuntun lè rí ibi dìmú, kò sì fi omi kan igi. Gíláàsì tí wọ́n lọ̀ náà ṣeé lò. Yanrìn ni kí ẹ má gbà, ó ń gbẹ́ apá tó rọ̀ lára igi jáde, ojú igi a sì rí págunpàgun títí láé. Lẹ́yìn fífọ́n, igi a máa ní irun wẹ́wẹ́ lójú. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi búrọ́ọ̀ṣì tó ń yí tàbí sáńdípépà gbá irun náà kúrò.

Oògùn tí wọ́n fi ń bó ọ̀dà tún wà, èyí tí ẹ ó fi sí i, tí yóò rọ̀, tí ẹ ó sì fi omi ṣan. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa lórí ilé kékeré. Ẹ̀rọ tó ń fi agbára fọ́n omi ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ba igi jẹ́ níhìn-ín: wọn a sún ẹnu rẹ̀ mọ́ ògiri, omi a ya igi, a sì wọ inú ilé. Ẹ lo agbára díẹ̀, ẹ jìnnà sí igi, kí ẹ máa fọ́n ọn láti òkè wá sísàlẹ̀.

Ṣé bílíìṣì dára fún fífọ igi tó ti dúdú?

Ó ń pa ohun tó ń mú igi dúdú, ó sì ń jẹ igi náà pẹ̀lú, bí a kò bá ṣan án dáadáa, stain tí ẹ kùn lé e lè tètè ṣá. Ohun ìfọgi tí wọ́n fi sodium percarbonate ṣe sàn jù ú lọ. Àbàwọ́n dúdú tó yí ojú ìṣó ká yàtọ̀: irin àti oje igi ló pàdé níbẹ̀, oxalic acid ló sì ń yọ ọ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ dáàbò bo ojú yín, kí ẹ sì fi omi tó pọ̀ ṣan ògiri lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣé stain ń lé ikán àti kòkòrò?

Kò lè lé wọn tó bí ẹ ṣe rò. Oògùn borate ni wọ́n ń lò fún ìyẹn, iyọ̀ kan tí wọ́n ń po mọ́ omi, tí wọ́n sì ń fọ́n sí igi tó wà níhòòhò. Ó ń wọ inú igi lọ, ó ń pa ikán, kòkòrò tó ń sọ igi di lúbúlúbú, àti àwọn ohun tó ń mú igi jẹrà, kò sì le lára ènìyàn púpọ̀. Àmọ́ omi lè fọ̀ ọ́ jáde. Nítorí náà, lẹ́yìn bíbó àti fífọ̀ ni kí ẹ fi sí i, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ sì kun stain lé e lórí láìpẹ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kun ilé tán, borate kò ní rí ọ̀nà wọlé mọ́ títí di ọjọ́ tí ẹ ó tún bó o. Àǹfààní tó ń wá lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀pọ̀ ọdún ni, ó sì máa ń dùn mí bí mo bá rí onílé tó jẹ́ kó kọjá nítorí owó kékeré.

Oyin dúdú ńlá tó ń lu ihò roboto, tó fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 12, sára igi kì í bẹ̀rù borate, torí pé kì í jẹ igi náà. Ẹ dí ihò rẹ̀ nígbà ìwọ́wé lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí i dájú pé kò sí ohun tó ń gbé inú rẹ̀.

Báwo ni igi ṣe gbọ́dọ̀ gbẹ tó kí n tó kùn ún?

Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin igi. Kò wọ́n. Ọ̀pọ̀ agolo fẹ́ kí ó wà ní ìdá 15 sí 18 nínú 100 tàbí kí ó kéré sí i. Ẹ tẹ̀ lé èyí tí wọ́n kọ sára tiyín. Lẹ́yìn fífọ̀, ó lè gbà tó ọjọ́ mẹ́ta nínú oòrùn, ó lè ju ọ̀sẹ̀ kan lọ ní ẹ̀yìn ilé tó kọjú sí àríwá. Ẹ wọn ìsàlẹ̀ ògiri àti ẹnu ìtì tó yọ síta, níbi tí omi ti ń pẹ́.

Ilé tuntun ni tèmi. Wọ́n ní kí n dúró fún ọdún kan kí igi gbẹ.

Ẹ má dúró. Ní gbogbo ọdún yẹn, oòrùn ń pa ojú igi, òjò sì ń wọ inú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìtì tí wọ́n ti yan gbẹ nínú iná, ẹ fi nǹkan ìfọgi tàbí sáńdípépà bó dídán tí irin ìfági fi sílẹ̀ lójú rẹ̀, kí ẹ sì kùn ún. Bí igi tútù ni wọ́n fi kọ́ ọ, ẹ fi èyí tó ń wọ inú igi bẹ̀rẹ̀, kí ọ̀rinrin lè máa rí ọ̀nà jáde.

Àwọn ìtì igi mi ti sán káàkiri. Ṣé stain yóò dí i?

Kò lè dí i. Ibi tó sán tó kọjú sísàlẹ̀ kò ní wàhálà. Èyí tó kọjú sókè, tó sì fẹ̀ ju nǹkan bíi mìlímítà 6 lọ, ìkòkò omi ni. Òjò ń kún inú rẹ̀, omi náà ń lọ sí ọkàn igi níbi tí borate kò dé. Ẹ ki okùn fóòmù bọ inú rẹ̀, ẹ wá fi ohun ìdíhò tó ń nà bí rọ́bà bo okùn náà, kí ó lè dì mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nìkan kó sì máa nà bí igi bá ń fẹ̀. Ṣé kí ẹ dí i kí ẹ tó kun stain ni, tàbí lẹ́yìn rẹ̀? Ìyẹn yàtọ̀ láti iléeṣẹ́ kan sí òmíràn; ara agolo ni ẹ ó ti kà á.

Ojú ọjọ́ wo ló yẹ, báwo sì ni kí wọ́n kùn ún?

Láàárín 50°F sí 90°F, ìyẹn nǹkan bíi 10°C sí 32°C, kí òjò má sì wà nítòsí. Ẹ máa tẹ̀ lé òjìji yí ilé ká: ẹ kun ògiri tí oòrùn ti kúrò lára rẹ̀. Bí ògiri bá gbóná, stain a gbẹ lójú kó tó wọlé.

Wọ́n lè fi ẹ̀rọ fọ́n ọn, ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ẹ̀rọ náà pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì, kí ó máa tẹ̀ ẹ́ wọ inú igi nígbà tó ṣì tutù. Bí agbaṣẹ́ṣe bá ní fífọ́n nìkan ti tó, iṣẹ́ rẹ̀ kò ní pẹ́. Kí wọ́n kun ìtì kan láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun kí wọ́n tó bọ́ sí òmíràn, kí ojú àsopọ̀ má baà hàn. Ẹnu ìtì tó yọ síta ní igun ilé ń mu omi ju ara rẹ̀ lọ. Kí wọ́n kun ibẹ̀ títí tí kò fi ní mu mọ́.

Gálọ́ọ̀nù mélòó ni kí n rà?

Ẹ jẹ́ ká fi ilé tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 40, tó sì fẹ̀ ní 30 ṣe àpẹẹrẹ, tí ògiri rẹ̀ ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10. Àyíká rẹ̀ jẹ́ 140, ojú ògiri sì jẹ́ 1,400 ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin. Nítorí pé ìtì igi yọ gọngọ síta, ẹ fi ìdá kan nínú márùn-ún kún un, ó di 1,680. Bí ìpele àkọ́kọ́ lórí igi tí a há bá ń gba gálọ́ọ̀nù kan fún 150, ìyẹn tó gálọ́ọ̀nù 11 àti díẹ̀. Ìpele kejì kì í mu tó bẹ́ẹ̀. Ní 250 fún gálọ́ọ̀nù kan, ó jẹ́ nǹkan bíi 7. Bókẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó jẹ́ gálọ́ọ̀nù 5 yóò tó, yóò sì ṣẹ́kù díẹ̀. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ po gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí àwọ̀ lè bá ara mu.

Mo ti kùn ún lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún díẹ̀, ìsàlẹ̀ ògiri ṣì ń dúdú. Ṣé stain náà ni kò dára?

Ẹ dúró sí ìta nígbà tí òjò bá ń rọ̀, ẹ wo ibi tí omi ń gbà. Lọ́pọ̀ ìgbà, òrùlé kò yọ síta tó, tàbí gọ́tà ti dí, omi sì ń ti ilẹ̀ ta padà sára ìtì ìsàlẹ̀. Kò sí stain tó lè bá ìyẹn jà. Òrùlé tó yọ síta ní ẹsẹ̀ bàtà méjì sí mẹ́ta, gọ́tà tó mọ́, ìtì tó ga tó íǹṣì 12 sí 18 sí ilẹ̀, àti òdòdó tí a gé kúrò lára ògiri ń fi ọ̀pọ̀ ọdún kún ẹ̀mí ọ̀dà yòówù tí ẹ bá kùn.

Ṣé mo lè fi kun inú ilé náà?

Èyí tí wọ́n ṣe fún ìta lè ní oògùn tó ń pa ohun tó ń bu lára igi, kì í sì í ṣe ohun tó yẹ kí ẹ máa mí símú nínú yàrá. Ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe fún inú ilé.

Ṣé mo lè rà á ránṣẹ́ sílé láti fi kun ilẹ̀kùn mi ní Ìbàdàn?

Ó ṣeé lò, àmọ́ ohun méjì wà níbẹ̀. Oje inú ìrókò kì í jẹ́ kí ọ̀dà elépo gbẹ bọ̀rọ̀. Ẹ fi tínà nu ojú rẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì kùn ún ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́. Èkejì, ní Ìbàdàn, ilẹ̀kùn tó kọjú sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ló ń jìyà oòrùn jù, nítorí pé oòrùn ọ̀sán wà lórí tààrà. Ìyókù, bí ti ibí ló rí.

Kí ni kí n ṣe sí àkísà tí wọ́n fi nu stain elépo?

Ẹ má ká a jọ láé. Irú epo bíi linseed máa ń mú ooru jáde bó ti ń gbẹ, bí àkísà bá sì wà ní òkìtì, ooru náà kò ní rí ibi gbà jáde, yóò gbiná fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó ṣáná. Ní ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 1991, àkísà tó ní epo linseed ló dá iná sílẹ̀ ní One Meridian Plaza, ilé alájà 38 ní Philadelphia, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń tún pákó ara ògiri ṣe. Panápaná mẹ́ta ló kú níbẹ̀. Ẹ tẹ́ àkísà lọ́kọ̀ọ̀kan síta lórí kọnkéré tó jìnnà sí ilé títí yóò fi le gbagidi, tàbí kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi nínú agolo irin tó ní ìdérí. Ẹ rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ yín ṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó lọ sílé nírọ̀lẹ́, ẹ fi ojú ara yín rí i.

Stain ṣẹ́kù. Ṣé kí n dà á nù?

Ẹ pa á mọ́ fún títún ojú kéékèèké ṣe. Èyí tí wọ́n fi omi pò kò gbọ́dọ̀ dì, nítorí náà ẹ má fi sílẹ̀ nínú gáráàjì tí kò ní ooru nígbà òtútù. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà àwọ̀, iye ìpele àti ọjọ́ tí ẹ kùn ún sára ìdérí, kí ẹ sì ya àwòrán rẹ̀ sórí fóònù. Bí ẹ bá tà ilé náà lọ́la, ẹ fún ẹni tó rà á.